Ọmọ Oníbodè ní Ìfẹ́sowápọ̀

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó gbé e sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ kì í sá lọ. Ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́, kó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìtàn ogun ni mo gbé wá fún yín, kì í sì í ṣe ogun ayé àtijọ́ tí wọ́n fi ẹṣin àti ọ̀kọ̀ jà. Ìkòsì níbí ni ogun tèmi ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn ọjà Máìlì Tuẹ́ẹ̀fù, lójú ayé àwa tí a ṣì ń ra tòmátì níbẹ̀. Síbẹ̀ ó ní ìgbìmọ̀, ó ní ìdótì, ó ní ìbúra, ó sì ní òǹdè. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí kò dùn mọ́ yín, ẹ wá gba àsìkò yín padà lọ́wọ́ mi.

Òpópónà kan wà tó ń jẹ́ Ìfẹ́sowápọ̀. Ilé méjìlélógún ló wà nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, torí kànáàlì ńlá gba gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ bí yàrà tí àwọn ará ìgbàanì máa ń gbẹ́ yí ìlú ká. Ní ẹnu ọ̀nà yẹn ni àwọn onílé ri géètì irin sí. Ó ga ju ènìyàn méjì lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè bí ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ kí omi òjò lè máa kọjá. Ẹ̀gbẹ́ géètì náà ni ilé ẹ̀ṣọ́ wà, yàrá kékeré tí kò gbà ju àga kan àti ẹni tó jókòó lé e.

Nínú òpópónà yìí ni Sàká ń gbé. Ọmọ Kétu ni, Kétu tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nílé tí wọ́n sì ń fi Faransé kọ̀wé ní ọ́fíìsì. Ó kúrò ní Kétu, ó tún wá bá Kétu ní Èkó. Orúkọ jọra, ìṣe ò jọra. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Kótónù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sùn ní Kótónù ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láyé rẹ̀. Táìlì ló ń tẹ́. Àwọn olówó Mágòdò fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, torí ilẹ̀ tí Sàká bá tẹ́, omi tó bá dà sí i á mọ ibi tó ń lọ. Yàrá kan ló gbà nílé Àlùhájà Ruqoyah, opó kan tó ń ta aṣọ ọmọdé, ó sì ti lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin níbẹ̀ kí ogun tó dé.

Àlejò lójú, kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Sàká ríran ní tirẹ̀. Ohun tó ń rí ni kò yé e. Ọjọ́ kìíní tí Àlùhájà mú un lọ han alága àwọn onílé, Baba Ṣóbọ̀wálé, Sàká rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún pé kí wọ́n bọ òun lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ná! Níbi tó ti ń bọ̀, ọmọdé ń bọ àgbà lọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ olùkọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá bọni lọ́wọ́ ló ń fojú tínrín ẹni. Baba wo ọwọ́ náà bí ẹni wo ẹja tó ti rà.

"Ruqoyah," ni Baba wí, "ṣé ẹgbẹ́ mi lo mú wá ni?"

Ojú ti Àlùhájà. Láti ọjọ́ yẹn ni Sàká ti ń kọ́ ìdọ̀bálẹ̀. Láàárín oṣù kan, ó ti mọ̀ ọ́n dójú àmì. Àyà rẹ̀ á kan ilẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ á kan ilẹ̀. Ó rò pé òun ti bọ́. Kò mọ̀ pé Rahmon, wẹ́dà tó jó irin géètì náà pọ̀ tó sì jẹ́ olórí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, ń wo òun láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ tó báyìí, bí ẹni ń wọn ilẹ̀ ló rí lójú mi."

Ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni ọ̀ràn ńlá. Ọ̀ràn ńlá ni ti òwúrọ̀. Ìdílé oníbodè ni wọ́n ti bí Sàká, àwọn tí baba ńlá wọn ṣọ́ ẹnu ibodè nígbà tí ìlú ṣì ní odi. Nínú ìdílé yẹn, ọmọ oníbodè kì í kí ènìyàn, kì í sì í dá ènìyàn lóhùn, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi kan ìdábùú ẹnu ọ̀nà ìlú tàbí àdúgbò tó bá sùn sí. Wọ́n ní ẹnu tó bá yá ju ojú lọ ló ń kí ọ̀tá káàbọ̀. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Sàká á jáde láìsọ̀rọ̀, á kọjá lára gbogbo ènìyàn, á dé ẹnu géètì, á fọwọ́ kan ìdábùú irin, á tẹ̀ ẹ́ wò, á bẹ ìsàlẹ̀ wò. Nígbà tó bá yí padà, ìkíni á wá máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ: ẹ káàárọ̀ Mummy, ẹ káàárọ̀ Daddy, ṣé ẹ jí dáadáa, ṣé ara yín le?

Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Ìkíni tó pẹ́, èébú ni nílẹ̀ wa. Mummy Dorothy tó ní ilé kẹrin ti sọ ọ́ káàkiri. "Mo kí i, ó wò mí bí ògiri. Èèyàn tó jí tí kò dáni lóhùn, kí ló gbé sẹ́nu?" Sàká kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ó gba àlàyé. Ta ló ń ṣàlàyé bó ṣe ń mí?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí tí ogun fi dé.

Ẹbí kan gbé ìwé jáde pé àwọn ló ni gbogbo ilẹ̀ Ìfẹ́sowápọ̀, pé àwọn tó tà á fún àwọn onílé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Ẹjọ́ dé kóòtù. Adájọ́ ní òun yóò pàṣẹ lórí rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Lọ́yà àwọn onílé wá kìlọ̀ fún wọn: "Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn wọlé kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Bí wọ́n bá wọlé, wọ́n á da ẹrù yín síta, wọ́n á fi èèyàn tiwọn sínú ilé. Ẹjọ́ tí à bá parí láìpẹ́ á wá di ti àwọn ọmọ ọmọ yín."

Àwọn ọ̀tá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n háyà Oyèwùmí, ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìjì, òun pẹ̀lú ọgbọ̀n ọmọ ogun rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ajé, wọ́n tẹ́ àga ike sí oríta, wọ́n tan rédíò, wọ́n ń ki Ìjì ní àkìtúnkì:

"Ìjì! Ìjì tí kì í kan ilẹ̀kùn! A-fọ́-géètì-bí-ẹní-fọ́-ẹyin! Ó wọlé tán kí onílé tó béèrè pé ta ni!"

Ọkọ̀ omi kò gbọdọ̀ wọlé. Kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á da àpò rẹ̀ rú, wọ́n á ní kó padà síbi tó ti ń bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Sàká dé láti Mágòdò, ó gbé ẹ̀rọ ìgétáìlì rẹ̀ lé èjìká. Ó rò pé wọn yóò lù ú. Ìjì fúnra rẹ̀ wò ó tòkè-tilẹ̀.

"Àgànyìn," ló wí, "kọjá lọ jàre. Kí la fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ? Ìwọ tó ò ní búlọ́ọ̀kù kan."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sàká lára ju ẹgba lọ. Ó kọjá. Ṣùgbọ́n Rahmon wà lórí àkàbà lẹ́yìn géètì, ó ń wò wọ́n. Ohun tí Ìjì sọ kò dé etí rẹ̀. Ohun tó rí ni pé ọ̀tá dá gbogbo ènìyàn padà, ó sì yọ̀ǹda fún Kótónù kí ó kọjá.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbìmọ̀ ogun jókòó sí ibi tí Baba Ṣóbọ̀wálé máa ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí. Baba fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí àpótí. Ẹsẹ̀ náà ti wú láti ọdún mélòó kan, kò gba bàtà, sálúbàtà awọ tí aránbàtà fẹ̀ fún un ló máa ń wọ̀ sí i. Daddy Àyàndélé, awakọ̀ àgbà tó fẹ̀yìn tì láti ìhà Ọ̀yọ́, dìde kì í:

"Ọmọ Líṣàbí! Ẹkùn tí ń fẹsẹ̀ kan ṣọ́ oko! Bẹ́ ẹ bá ní ká jà, a ó jà. Bẹ́ ẹ bá ní ká jókòó, ilẹ̀ á gbóná lábẹ́ ìdí wa."

Baba ní kí ó jókòó. Wọ́n jíròrò. Wọ́n pín ẹ̀ṣọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Mummy Dorothy ní kí gbogbo ènìyàn máa pọn kànga òun, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi kórobá ìdọ̀tí kàn án. Uncle Desmond, akọ̀wé wọn, ọmọ Wàrí tó ti gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn lọ, ka orúkọ àwọn tó wà nílé àti àwọn tó há síta.

Rahmon wá na ọwọ́. "Ẹ̀yin àgbà, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká búra. Kí oníkálùkù fi ohun tó ń bẹ̀rù búra pé òun ò ní ta àdúgbò yìí."

Gbogbo wọn gbà. Bíbélì kọjá, Kùránì kọjá. Àwọn méjì fi ahọ́n kan àdá. Ìgbà tó kan Sàká, Rahmon yí ojú sí i tààrà, bí ẹni pé ìdí tí òun fi dá ìbúra náà sílẹ̀ nìyẹn.

Sàká dìde. "Ẹ̀yin àgbà, n kò kọ̀ láti búra o. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé tiwa, ìdílé oníbodè, a kì í búra nínú yàrá. Ẹnu ibodè la ti ń búra. Ọwọ́ á wà lórí ìdábùú, ibodè á wà ní ṣíṣí, a ó kọjú síta. Ẹni tó bá búra lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, ẹ̀rù ló bà á tó fi búra."

Uncle Desmond ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí! Ọ̀gá, you mean say make we open gate? With Ìjì for outside?"

"Ìgbà díẹ̀ ni. Bí ẹni ṣẹ́jú."

Ẹ̀rín di ariwo. Rahmon fò dìde, àga rẹ̀ ṣubú. "Ẹ ti gbọ́! Ẹ ti fi etí ara yín gbọ́! Èmi ni mo jó géètì yẹn, mo mọ bó ṣe wúwo tó. Ojoojúmọ́ ayé ló ń lọ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, tó ń bẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ wò, tí kò ní kí ẹnikẹ́ni. Lánàá, Ìjì yà fún un. Lónìí, ó ní ká ṣí i. Kí lẹ tún ń wá?"

"Ta lò ń fi Faransé bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù?" ni Mummy Dorothy béèrè.

"Ìyàwó mi ni, Mummy."

"Ìyàwó tó gbọ́ Yorùbá?"

Báwo ni Sàká yóò ṣe ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìjà ni àwọn méjèèjì máa ń fi Faransé sọ kí ìyá òun tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ má baà gbọ́?

Àlùhájà Ruqoyah wá dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Èmi ni mo mú un wọ àdúgbò yìí. Bó bá tà wá, kí ẹ lé èmi náà jáde pẹ̀lú ẹ̀. Mo fi Kùránì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì mú sọ ọ́." Ó jókòó. Kò wo Sàká, Sàká sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dá ìyá náà lójú. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni ẹrù ti di méjì lórí rẹ̀: bí wọ́n bá lé e, opó tó gbà á sílé ni yóò bá a lọ.

Wọn kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà tí ìránṣẹ́ Ìjì fi kan géètì. Àlàáfíà ló bá wá. Ó gbé páálí mọ́ọ̀tì mẹ́ta àti lẹ́tà kan. Ìjì ní ó ti sú òun, ọmọ ènìyàn ni òun náà. Kí àwọn àgbà mẹ́ta jáde lọ́jọ́rú, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí wọ́n wá bá àwọn ẹbí onílẹ̀ jókòó ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Anthony. Kí wọ́n parí ẹ̀ bí ọmọ ìyá.

Ara tu gbogbo ènìyàn. Daddy Àyàndélé ti ń ṣí mọ́ọ̀tì. Kò sí ẹni tó ní kí Sàká sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀.

"Ẹ má lọ."

"Kí ló wí?" ni Baba béèrè.

"Ẹ má jáde lọ bá wọn. Ìyá ìyá mi sọ fún mi, ìyá tiwọn ló sì sọ fún àwọn náà. Nígbà tí ogun Dàhòmì dó ti Kétu, odi kò wó. Ebi pa wọ́n, wọn ò ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọ̀tá ló ránṣẹ́ àlàáfíà, wọ́n ní kí àwọn àgbà jáde wá jókòó. Àwọn àgbà jáde. Tí ìyá mi àgbà bá sọ ọ́ débẹ̀ yẹn, wọ́n á ní, 'Sàká, wọn ò padà. Ìlú tí kò lórí mọ́, ta ni ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀?' Torí náà ni a fi ń sọ nílé wa pé ẹsẹ̀ la ń ṣílẹ̀kùn fún, a kì í ṣílẹ̀kùn fún ohùn."

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ lọ́rọ̀ náà ì bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀tàn ni gbogbo nǹkan ń dún létí ẹni tó ń fura. Baba ní, "Ìwọ yìí, lẹ́ẹ̀kan o ní ká ṣí géètì. Ní báyìí tí àlàáfíà dé, o ní ká má jáde. Ìgbà wo ni ìwọ ń fẹ́ ire fún wa?" Ó yíjú sí Rahmon. "Ẹ tì í mọ́ ilé ẹ̀ṣọ́ títí a ó fi dé. Ẹ gba fóònù rẹ̀. Ẹ fún un lóúnjẹ. Èmi ò ní kí ẹ lù ú o. Bí a bá dé tí nǹkan ti yọrí, yóò kó ẹrù rẹ̀."

"Èmi náà ńkọ́, Baba?" ni Àlùhájà béèrè.

Baba na ọwọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ géètì lé Rahmon lọ́wọ́.

Ohun tó ya Sàká lẹ́nu nínú ìdè rẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n fi í sí ni ibi tó yẹ ọmọ oníbodè. Láti orí ilẹ̀ yàrá kékeré náà, bó bá fi ojú sí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó lè wo abẹ́ géètì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó rí ẹsẹ̀ àwọn àgbà mẹ́ta tí wọ́n jáde: bàtà dúdú Uncle Desmond tó ń dán, sálúbàtà Daddy Àyàndélé, àti ẹsẹ̀ wíwú Baba tó ń wọ́ tẹ̀lé ọ̀pá. Mọ́tò kan gbé wọn. Wọ́n ti géètì padà.

Aago méjìlá kọjá. Oòrùn mú. Ara Sàká kò balẹ̀. Ó ń ka wákàtí bí ẹni ń ka táìlì. Nígbà tí aago kan ku díẹ̀, fóònù Rahmon dún.

"Baba! Ẹ kú ìrìn o!" Rahmon kígbe, ó fi ohùn náà síta kí gbogbo àwọn ẹ̀ṣọ́ lè gbọ́.

Ohùn Baba Ṣóbọ̀wálé ni lóòótọ́. "Rahmon, ọmọ mi, ó ti parí. A ti gbà. A ti dé ẹnu géètì. Ṣí i."

Ayọ̀ gbòde. Àwọn ọ̀dọ́ ń pàtẹ́wọ́. Rahmon ti ń yọ kọ́kọ́rọ́ lápò. Ẹsẹ̀ wọn ti dí abẹ́ géètì mọ́ Sàká lójú, ó wá pariwo láti ojú fèrèsé ilé ẹ̀ṣọ́.

"Rahmon! Ṣé o rí ẹsẹ̀ wọn?"

"Pa ẹnu ẹ dé!"

"Wọ́n ní àwọn ti dé. Bí wọ́n bá ti dé, ẹsẹ̀ wọn á wà níbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ kó o wò ó."

"Baba ló ń bá mi sọ̀rọ̀, o ní kí n bẹ̀rẹ̀. Ṣé ìwọ mọ ohùn wọn jù mí lọ ni?"

"N kò sọ pé ohùn wọn kọ́. Ohùn wọn ni. Ohùn a máa rin ìrìn tí ẹsẹ̀ ò bá a rìn."

Rahmon ti kọ́kọ́rọ́ bọ ojú àgádágodo. Sàká rí bí èjìká rẹ̀ ṣe le. Ó mọ irú ènìyàn tó jẹ́: bí àlejò bá ní kó má fò, á fò. Kò tún bá Rahmon sọ̀rọ̀ mọ́. Ó na ọrùn jáde, ó ké pe ìyá tó gbèjà rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbèjà rẹ̀.

"Àlùhájà! Ẹ gbà mí! Ẹ bá mi sọ fún un!"

Àlùhájà Ruqoyah ti wà lójú ọ̀nà. Ó dé, ó ń mí gúlegúle. Ó wo Sàká, ó wo Rahmon. Ìfura wà lójú rẹ̀ sí àwọn méjèèjì. "Rahmon," ni ó wí, "bí mo bá bí ọ, ǹ bá pàṣẹ fún ọ. N kò bí ọ. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀. Kí ni yóò ná ọ láti bẹ̀rẹ̀? Bí Baba bá wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ Baba lo máa fi orí kàn. Ìtìjú wo ló wà níbẹ̀?"

Ohùn Baba tún jáde nínú fóònù, ó ti tínrín. "Rahmon, ó pẹ́ o. Ṣí i."

Rahmon bú èébú kan tí n kò ní sọ fún yín. Ó fi eékún kan kúnlẹ̀, ó bẹ abẹ́ géètì wò.

Bàtà sójà ló rí. Bàtà ìdárayá funfun. Sìlípáàsì. Ẹsẹ̀ lásán tí èékánná rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó ka ogún, ó lé. Ó wá ẹsẹ̀ wíwú nínú sálúbàtà awọ, ó wá ọ̀pá, kò rí i. Ó rí ìdí bíríkì tí ẹnì kan gbé sílẹ̀, tó múra láti fi dá géètì dúró kó má baà ṣeé tì padà.

Ó dìde. Ojú rẹ̀ ti yí padà bí ojú ẹni tó fẹsẹ̀ kan bọ kànga tó sì fa ẹsẹ̀ yọ. Ó fa kọ́kọ́rọ́ jáde jẹ́jẹ́, ó fi sẹ́nu, ó deyín mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe àmì sí àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n wá fi ẹ̀yìn ti géètì.

Nígbà tí Ìjì rí i pé wọ́n ti mọ̀, ó pariwo ìjà. Ìjà náà kò ju bí ìsun iṣu kan lọ. Wọ́n fi igi gbá géètì, wọ́n ju òkò, ìgò fọ́ lórí òrùlé Mummy Dorothy. Àwọn méjì gbìyànjú láti gùn ún. Omi ata tí àwọn obìnrin gbé ka iná láti àárọ̀ fún ọbẹ̀ ló dá wọn padà. Géètì mì, kò ṣí. Irin tí Rahmon jó kò já. Nígbà tí àwọn agbófinró wá fọn fèrè ní oríta, àga ike nìkan ni wọ́n bá.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan kan géètì. Ohùn Baba ní, "Àwa ni." Kò sí ẹni tó sáré. Rahmon bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó ka ẹsẹ̀ mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn wú. Nígbà náà ló tó ṣí i.

Wọn ò ní fìlà, wọn ò ní fóònù. Baba kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Uncle Desmond ló sọ ọ́: àwọn ọmọ Ìjì tì wọ́n mọ́ yàrá, wọ́n gbé ọ̀bẹ sí ọrùn òun, wọ́n ní bí Baba kò bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwọn yóò pa òun. Baba sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìròyìn dé ọ̀dọ̀ wọn pé géètì kò ṣí, wọ́n fi àwọn àgbà sílẹ̀ lójú títì ní Ikorodu Road, wọ́n sá lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, adájọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má lé ẹnikẹ́ni, títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ìfẹ́sowápọ̀ jó. Sàká kò bá wọn jó. Wọ́n ti tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó sí ẹnu yàrá rẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ̀rọ rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá kí òun di ẹrù tàbí kí òun má dì í. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i ní àkíjù, ìkíni ẹni tó ń bẹ̀rù. Òun náà ti ń wo ọwọ́ wọn kó tó wo ẹnu wọn. Ìfura, bí àkóràn ni. Ẹni tí wọ́n fi ṣe á fi ṣe ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó tún bi í léèrè ìbúra.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Baba Ṣóbọ̀wálé rọra rìn wá, Àyàndélé àti Desmond wà lẹ́yìn rẹ̀, Rahmon dúró lókèèrè. Sàká fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Baba dá a dúró.

"Má dọ̀bálẹ̀. Èmi ni mo jẹ gbèsè." Ó tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Ohùn mi fẹ́ ta ilé mi. Ìwọ tí mo tì mọ́lé lo gbà á sílẹ̀. Àlùhájà kò lọ síbì kan, ìwọ náà kò lọ síbì kan. A ti pàdé lórí ẹ̀, gbogbo ẹnu kò. Kọ́kọ́rọ́ géètì yìí, ìwọ ni kó máa mú un láti òní lọ. Ọmọ oníbodè ni ọ́."

Ó na kọ́kọ́rọ́ náà síwájú. Sàká wò ó. Ó ti dé Èkó fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, kò tíì sí ohun tí ẹnikẹ́ni fi lé e lọ́wọ́ tó tó báyìí. Ó rántí ojú Àlùhájà ní ẹnu géètì, tó ń fura sí òun tó sì tún ń bẹ̀bẹ̀ fún òun. Ó gbé ojú sókè, ó rí Rahmon lẹ́bàá ògiri, tó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo.

"Ẹ ṣé, Baba," ni ó wí. "Èmi á máa gbé lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Rahmon ni kẹ́ ẹ fún."

"Rahmon tó fẹ́ ṣí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Èmi ò tíì fẹ́ ṣí i rí. N kò mọ bó ṣe ń ṣe ènìyàn. Òun ló mọ̀ ọ́n. Bí ohùn bá tún pè é lọ́jọ́ mìíràn, kò sí ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ yá jù ú lọ ní gbogbo Ìkòsì."

Rahmon rìn wá láti ẹ̀bá ògiri. Ó na ọwọ́ méjèèjì gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ Baba, bí ẹni gba iṣu gbígbóná, ó sì kọjá lára Sàká láìsọ̀rọ̀, ó forí lé ẹnu géètì, bí Sàká ṣe máa ń ṣe láràárọ̀.

Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyí. Àlùhájà Ruqoyah ló sọ ọ́ fún Ṣọlá, ìyàwó àbúrò mi, lọ́jọ́ tó lọ ra aṣọ ìkómọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọlá sì rò ó fún mi lórí ìkòkò ẹ̀wà tí kò jinná bọ̀rọ̀. Ohun tí mo fi kún un kò ju iyọ̀ lọ.